Àwọn tó ń pàṣẹ ogun àtàwọn tó ń lọ sógun: kí ló dé tí wọn ò fi mọ ara wọn mọ́?

Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n pa ṣọ́jà Amẹ́ríkà mẹ́rin nítòsí abúlé kan tó ń jẹ́ Tongo Tongo ní orílẹ̀-èdè Niger. Bí ìròyìn yẹn ṣe jáde báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí làwọn ṣọ́jà tiwọn ń wá ní Niger ná, ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi torí àwọn aṣòfin gan-an ń bèèrè ohun kan náà. Sẹ́nétọ̀ Lindsey Graham, ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ológun nílé aṣòfin àgbà o, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ò mọ̀ pé ṣọ́jà tó tó ẹgbẹ̀rún kan làwọn ní níbẹ̀. Chuck Schumer tó jẹ́ olórí àwọn Democrat nílé kan náà ní òun náà ò mọ̀.

Ẹ wá wò ó o, Graham yìí kì í ṣe ẹni tí ò wọ káákì rí. Lọ́yà ló jẹ́ nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́nẹ́ẹ̀lì ló fi fẹ̀yìntì ní 2015. Torí náà, báwọn èèyàn bá ń sọ pé ìṣòro tó wà láàárín àwọn olóṣèlú àtàwọn ọmọ ogun ò ju pé àwọn olóṣèlú ò ṣe ṣọ́jà rí, òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ kò délẹ̀. Ohun témi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó ń dìbò pé kí wọ́n lọ jagun kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kò pàdánù owó, kò pàdánù ọmọ, kò pàdánù ipò, àwọn tó dìbò fún òun náà ò sì pàdánù nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yẹn wà. Amẹ́ríkà ni màá fi ṣàlàyé jù torí ibẹ̀ ló ti hàn kedere jù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ja iyàn rẹ̀ jù, àmọ́ màá máa yà síbòmíì.

Kò fìgbà gbogbo rí báyìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ará Amẹ́ríkà ló wọṣẹ́ ológun, gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè náà ò sì ju bíi mílíọ̀nù 140 lọ nígbà yẹn, ìyẹn ni pé ṣàṣà nilé tí ò ní ọmọ, ọkọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan lójú ogun. Àwọn ọmọkùnrin Ààrẹ Roosevelt mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ káákì. Àwọn tó bọ̀ lógun yẹn ló wá di aṣòfin lẹ́yìn náà, débi pé níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó lé ní méje nínú mẹ́wàá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Ọdún 1973 ni wọ́n wá fòpin sí fífi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ wọ ṣọ́jà, látìgbà yẹn ó di pé ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún un bí iṣẹ́ míì. Lónìí, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lójoojúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3, wọn ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, àwọn aṣòfin tó sì ti ṣe ṣọ́jà rí ò tó ẹnì kan nínú márùn-ún mọ́.

Bó ṣe rí ní Britain náà nìyẹn. Lọ́dún 1960 ni wọ́n pe àwọn tó kẹ́yìn wọ iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan. James Callaghan, tó wà nínú ọmọ ogun ojú omi nígbà ogun Hitler tó sì kúrò lórí àlééfà ní 1979, ni olóòtú ìjọba tó ṣe iṣẹ́ ológun kẹ́yìn níbẹ̀. Thatcher tó rán wọn lọ jà ní erékùṣù Falklands ní 1982, Blair tó bá Amẹ́ríkà wọ Iraq, Cameron tó fọwọ́ sí jíju bọ́ǹbù ní Libya, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn sí bárékè rí. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú wọn, ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé gbogbo ìran kan ti dàgbà, wọ́n ti ṣèjọba, wọ́n ti fẹ̀yìntì, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ ogun kan ìdílé wọn.

Ta ló wá ń lọ? Àwọn kan máa ń yára sọ pé àwọn tálákà paraku ni wọ́n ń kó lọ. Ní ti Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, torí ilé àwọn tó rí jẹ níwọ̀nba, tí wọn ò lówó tí wọn ò sì tòṣì, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Ẹni tó tòṣì jù sábà máa ń kùnà nínú ìdánwò ìwé tàbí àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbani. Àwọn tí ẹ ò ní rí tó bó ṣe yẹ níbẹ̀ ni ọmọ àwọn olówó, ọmọ àwọn tó ń lọ yunifásítì ńlá ńlá, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń bí àwọn tó máa di aṣòfin àti olùdámọ̀ràn ààrẹ lọ́la. Ìpínlẹ̀ gúúsù bíi Texas, Georgia àti North Carolina ni bárékè ńlá pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rí ọmọ gbà jù. Ó sì ti ń di iṣẹ́ ìdílé, bàbá ṣe é, ọmọ ṣe é, àbúrò bàbá ṣe é, tó fi jẹ́ pé ìlú kan á wà tí gbogbo ojúlé ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fífi posí ṣọ́jà gbé ọmọ délé, ìlú míì á sì wà tí ìròyìn ogun kò ju ìròyìn lọ.

Àwọn kan wá ní kí wọ́n kúkú dá fífi agbára múni wọ ṣọ́jà padà, kí gbogbo ọmọ lọ, olówó tálákà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ. Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe lọ nígbà ogun Vietnam, tó jẹ́ pé òfin ló ń mú wọn lọ. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì lè ní kí wọ́n sún tòun síwájú, ẹni tó bá ní dókítà tó máa kọ̀wé fún un pé ara rẹ̀ ò le náà lè bọ́. Dick Cheney, tó wá di mínísítà ètò ààbò àti igbákejì ààrẹ, gba irú àyè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Joe Biden gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Donald Trump gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì nìyẹn o. Lọ́jọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1969 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké, wọ́n kó ọjọ́ ìbí sínú ìkòkò gíláàsì wọ́n ń fà á yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó wà ní yunifásítì ṣì rí àyè tiwọn fún bí ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ṣé òfin yẹn dá ogun dúró? Rárá o, àmọ́ ó mú kí ariwo ta nílé, torí ìyá tí lẹ́tà ìjọba bá wọlé tọ̀ wá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ibi tí Vietnam wà fún un. Nígbà tí Ààrẹ Nixon bẹ̀rẹ̀ sí í dín àwọn tí wọ́n ń mú kù, ìwọ́de náà rọlẹ̀ gan-an.

Ní 2003, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Charles Rangel, òun fúnra rẹ̀ ja ogun Korea, gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n dá a padà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ gbangba pé táwọn tó ń pàṣẹ bá mọ̀ pé ọmọ tiwọn náà lè lọ, wọ́n á rò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé e wá síbi ìbò ní 2004, 402 ló ní rárá, méjì péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni, Rangel fúnra rẹ̀ dìbò ta kò ó torí ó ní wọ́n kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣòṣèlú ni. Ṣé pé kí ọmọ olórí wà lójú ogun ló wá máa ń dá ogun dúró? Ọmọ Asquith, olóòtú ìjọba Britain, kú ní Somme ní oṣù kẹsàn-án 1916 nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí oyè, ogun yẹn ò dúró. Ọmọ Mao Zedong, olórí China, kú ní Korea ní oṣù kọkànlá 1950, ogun yẹn náà ò dúró. Síbẹ̀, ó kéré tán, ilé àwọn yẹn náà ṣọ̀fọ̀ bí ilé àwọn tí wọ́n rán lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, èyí sì máa ń bí mi nínú torí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, owó orí gun òkè débi pé ará ìlú tí ò san án rí bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Nígbà Vietnam, Ààrẹ Lyndon Johnson fi ìdá mẹ́wàá kún owó orí ní 1968, inú ará ìlú ò dùn síyẹn rárá. Nígbà tó wá kan Iraq, oṣù kẹta 2003 ni ogun bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin tó DÍN owó orí kù. Wọ́n wà lójú ogun ní orílẹ̀-èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń bu owó padà fún àwọn ará ilé. Gbèsè ni wọ́n fi ń jagun. Kò sí lẹ́tà tó wá wọ ilé ẹnikẹ́ni, kò sí owó tó kúrò nínú sálárì ẹnikẹ́ni, kí ló fẹ́ mú kí olùdìbò bi aṣòfin rẹ̀ pé ìgbà wo làwọn ọmọ wa ń bọ̀ nílé? Ìnira yẹn wá bọ́ sórí àwọn díẹ̀. Ní 2007, wọ́n sọ iye àkókò tí ṣọ́jà ń lò lójú ogun di oṣù 15, àwọn kan sì wà tí ìwé àdéhùn wọn ti parí tí ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé.

Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá wá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ọ̀gágun Eric Shinseki, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ẹni tó pàdánù apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Vietnam, ni àwọn aṣòfin bi ní oṣù kejì 2003 pé ṣọ́jà mélòó ni wọ́n máa nílò ní Iraq lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ibẹ̀ tán. Ó ní ó máa tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Kò pẹ́ rárá tí Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò tí ò ṣe ṣọ́jà rí, fi sọ níwájú àwọn aṣòfin pé iye yẹn ti kọjá ààlà pátápátá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iraq lẹ́yìn náà, gbogbo ayé ló rí i, àwọn ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ ò tó láti dá ìkógun dúró, ká tó wá sọ ti ìpakúpa tó tẹ̀ lé e. Ó lé ní 4,400 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú níbẹ̀, àwọn ará Iraq tó kú sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó bá rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Bí àwọn ọ̀gágun míì ṣe rí ohun tójú Shinseki rí nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì gbé ẹnu dákẹ́.

Ní oṣù kejìlá 2004, Donald Rumsfeld tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò lọ kí àwọn ṣọ́jà ní Kuwait, ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé kí ló dé táwọn ń lọ ṣa irin nínú pàǹtírí láti fi bo ọkọ̀ táwọn fẹ́ gbé wọ Iraq. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun téèyàn bá ní náà lèèyàn ń kó lọ sógun. Gbogbo àwọn tó kù nínú gbọ̀ngàn yẹn ti kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún ìbéèrè náà, kí Rumsfeld tó dáhùn. Àwọn ti Britain náà ní tiwọn, Land Rover kan tí wọ́n ń pè ní Snatch tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí bọ́ǹbù ẹ̀gbẹ́ títì sì ń fọ́ ọ, ìgbìmọ̀ Chilcot tó ṣèwádìí ipa tí Britain kó nínú ogun Iraq, tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù keje 2016 sì sọ pé ìdádúró tó wáyé kí wọ́n tó fi ọkọ̀ tó dáa rọ́pò rẹ̀ kò yẹ kí wọ́n gbà á láyè. Ọmọ ogun Britain 179 ló kú ní Iraq. Àwọn tó ń ṣe ìpàdé nípa ọkọ̀ yẹn ò ní gùn ún. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Ṣé ẹni tó ti jagun rí ni ká kúkú máa dìbò fún nígbà náà? Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Peter Feaver àti Christopher Gelpi wo ìtàn Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà bá ṣe pọ̀ tó nínú ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà kì í tètè dá ìjà sílẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń lo agbára tó pọ̀. Michael Horowitz àti Allan Stam wo àwọn olórí káàkiri ayé, tiwọn tiẹ̀ yà mí lẹ́nu: olórí tó ti wọ káákì rí àmọ́ tí kò dé ojú ogun ló máa ń yá lára jù láti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Torí náà aṣọ yẹn nìkan ò tó. Kennedy, Johnson àti Nixon ló kó Amẹ́ríkà wọ inú Vietnam tí wọ́n sì fi í síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wọ aṣọ ọmọ ogun ojú omi nígbà ogun Hitler. Roosevelt tó darí ogun Hitler ò ṣe ṣọ́jà rí rárá. Ìjọba Amẹ́ríkà tó gorí àlééfà ní 2025, igbákejì ààrẹ rẹ̀ JD Vance ti wà ní Iraq pẹ̀lú àwọn Marine, Pete Hegseth tí wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ààbò rẹ̀ náà ti wà ní Iraq àti Afghanistan, ìyẹn ò sì ní kí ẹ má fojú sí ohun tí wọ́n bá ń ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí tàn yín débi pé káwọn ṣọ́jà máa pinnu fúnra wọn. Nígbà tí Ọ̀gágun MacArthur bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ààrẹ Truman fa ọ̀rọ̀ ogun Korea ní gbangba, tó fẹ́ kí wọ́n gbé e dé China, Truman lé e dànù ní oṣù kẹrin 1951, inú ará ìlú ò dùn nígbà yẹn ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ló ṣe. Ẹni tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kó sọ ọ́ sórí orúkọ ara rẹ̀, ní gbangba, kó sì tún wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọdún bá yí po.

Ibi tí wọ́n ti wá ń sá gan-an nìyẹn. Òfin Amẹ́ríkà ní àwọn aṣòfin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde ogun, oṣù kẹfà 1942 ni wọ́n sì ti ṣe é kẹ́yìn. Korea, Vietnam, Iraq, Afghanistan, kò sí èyí tí wọ́n kéde nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìkọlù 2001, wọ́n ṣe òfin kan tí gbólóhùn tó gbé àṣẹ kalẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju 60 ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n fún ààrẹ láṣẹ láti lépa àwọn tó ṣe é, 420 ló dìbò fún un nílé aṣojú-ṣòfin, ẹnì kan ṣoṣo ló ta kò ó, Barbara Lee láti California, inú ilé ṣọ́jà lòun sì ti dàgbà. Wọ́n fi lẹ́tà halẹ̀ ikú mọ́ ọn. Òfin yẹn kò ní ọjọ́ tó máa parí, ààrẹ kan ń fà á lé ààrẹ kejì lọ́wọ́, wọ́n fi jà ní Syria, wọ́n fi jà ní Somalia, lòdì sí àwọn ẹgbẹ́ tí wọn ò tíì sí lọ́dún 2001. Ní 2017, Lee rí i pé ìgbìmọ̀ kan fọwọ́ sí àtúnṣe tó máa pa á rẹ́, àwọn olórí ilé yọ ọ́ kúrò nínú ìwé náà kó tó dé ibi tí gbogbo wọn ti máa dìbò. Òfin ọdún 1973 tó ní kí ààrẹ kó ṣọ́jà padà lẹ́yìn 60 ọjọ́ táwọn aṣòfin ò bá fọwọ́ sí i náà ń bẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí 60 ọjọ́ pé lórí Libya ní 2011, ìjọba Obama ní ohun táwọn ń ṣe níbẹ̀ ò tíì tó ohun tí òfin yẹn ń sọ.

Ó ṣeé ṣe lọ́nà míì o. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin sọ ní 1994 pé ìjọba ò lè rán ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó máa parí sì máa ń wà lórí ìwé náà, wọ́n á tún padà wá tọrọ rẹ̀. Aṣòfin ibẹ̀ tún máa ń yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kí ṣọ́jà máa kọ̀wé sí i tààrà lọ, láìgba ọwọ́ ọ̀gá kankan, tí bàtà bá ti já, tí ọkọ̀ bá ti bàjẹ́, tí ọ̀gá bá ń fìyà jẹ wọ́n, á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á gbé e fún ilé aṣòfin lọ́dọọdún. Ní Britain, ní oṣù kẹjọ 2013, wọ́n dìbò lórí Syria, 285 ní rárá, 272 ní bẹ́ẹ̀ ni, Cameron sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nyí ò sọ olóṣèlú di ṣọ́jà, àmọ́ wọ́n fi dandan mú un kó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó rán, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ńkọ́? Ní 2007, ìwé ìròyìn Washington Post tú àṣírí bí àwọn tó fara gbọgbẹ́ ṣe ń sùn sínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti bu ní ọsibítù ológun Walter Reed, ní olú-ìlú, tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì ààrẹ, àṣírí yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mínísítà tó ń rí sí ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ní Iraq àti Afghanistan, inú kòtò ńlá ni wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí bárékè, rọ́bà, epo, gbogbo ẹ̀, èéfín yẹn sì ń wọ àwọn ṣọ́jà lára lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló wálé pẹ̀lú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n lọ wá ẹ̀rí pé èéfín ló fà á. Òfin tó máa tọ́jú wọn dé iwájú ilé aṣòfin àgbà ní oṣù keje 2022, lẹ́yìn tí 84 ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àtúnṣe kékeré kan wà nínú rẹ̀, ló bá di pé àwọn kan yí ohùn padà, ìbò náà ò pé. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun, tí ara ọ̀pọ̀ wọn ò yá, bá lọ dùbúlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin, wọ́n sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nínú ooru àti òjò, kámẹ́rà sì wà lójú wọn. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹjọ, ó kọjá pẹ̀lú 86 sí 11, Biden sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 10 oṣù yẹn.